Kí ẹ tó bínú sí NTA, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí áńtẹ́nà yín kọjú sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá tẹlifíṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàù tí àwòrán bá ti ń já, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Iṣẹ́ áńtẹ́nà ni mò ń ṣe, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun àkàbà, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n sì ń pè mí sí, kò sí nǹkan kan tó ṣe tẹlifíṣàn wọn, wọn ò kàn mọ ọ̀nà tí signal ń gbà wọlé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orísun. Ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí NTA, Àbújá ni wọ́n ti ń kà á. Kò sí òpó tí wọ́n lè rì sí Àbújá tó máa ga débi tó máa rí Ìbàdàn, torí ayé yìí rọ̀bọ̀tọ̀, signal tẹlifíṣàn àti ti FM kì í sì í bá ilẹ̀ tẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀, gbọnrangandan ló ń lọ. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi dish ńlá jù ú sókè lọ bá sátẹ́láìtì, nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sójú sánmà, sátẹ́láìtì á dá a padà sílẹ̀, dish tó wà nínú ọgbà NTA ìlú kọ̀ọ̀kan á gbà á, transmitter ibẹ̀ á fún un lágbára, òpó á wá fọ́n ọn ká gbogbo àdúgbò. Àlọ àtàbọ̀ yẹn ò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìròyìn Radio Nigeria ti aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ náà, Àbújá ló ti ń bọ̀, Premier FM 93.5 n'Íbàdàn àti Bond FM 92.9 l'Ékòó kàn ń gbà á ni, wọ́n á wá fi òpó tiwọn gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ọ̀dọ̀ òpó tó sún mọ́ yín lẹ ti ń gba signal, kì í ṣe Àbújá. Tí iná bá lọ nídìí òpó yẹn tí jẹnẹrétọ̀ ò sì ṣiṣẹ́, tẹlifíṣàn yín ò ní gbé nǹkan kan mọ́, ẹ̀gbọ́n yín tó wà nílùú míì á sì máa wo tiẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ ibi tí òpó wà. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jáde síta, ẹ wo iná pupa tó ń tàn lórí ẹ̀. Ẹ má wo áńtẹ́nà aládùúgbò kẹ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín máa ṣe kọjú o, ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló yí tiẹ̀.

Gíga ló kàn. Nígbà tí WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní October 31, 1959, orí òkè Mápó ni wọ́n gbé transmitter lọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Tí òpó bá ga ní mítà 150, tí áńtẹ́nà yín sì wà ní mítà 9, wọ́n lè rí ara wọn dé nǹkan bíi 60 kìlómítà tí òkè ò bá dí wọn. Tẹ́ ẹ bá fi áńtẹ́nà sẹ́yìn tẹlifíṣàn nínú pálọ̀, lábẹ́ páànù, ẹ ti dí i lójú nìyẹn.

Màmá kan wà ní Apẹ̀tẹ̀ n'Íbàdàn tó ti ra áńtẹ́nà mẹ́ta. Mo gun orí òrùlé, mo rí i pé ẹni tó so ó ti kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sí òpó. Ẹ gbọ́, irin tó gùn jù ló máa ń wà lẹ́yìn, àwọn kéékèèké ló wà níwájú, àwọn kéékèèké yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí òpó. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo ń yí páìpù díẹ̀díẹ̀, ọmọ-ọmọ màmá wà nínú pálọ̀ tó ń pariwo: "Kò tíì dé! Ó ń bọ̀! Ó ti lọ! Ẹ dá a padà! Ó ti dé, ó ti dé, ẹ má mì ín mọ́!" Màmá bú sẹ́rìn-ín. Áńtẹ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sẹ́yìnkùlé yẹn gan-an ni mo lò.

Ẹ tún wo wáyà. Níbi tẹ́ ẹ bá ti so ó pọ̀ tẹ́ ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e, omi òjò á wọ ibẹ̀, bàbà inú ẹ̀ á dípẹtà. Wáyà kan ṣoṣo láti òkè dé ìdí tẹlifíṣàn ló dáa jù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ojú fèrèsé kí omi lè máa kán sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ wáyà NEPA, ẹ má sì gun òrùlé tójò bá ti ṣú. Mo ń fi tọkàntọkàn sọ ọ́.

Tẹlifíṣàn dìgítà, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń gbé àwòrán jáde, wá yàtọ̀. June 17, 2015 ló yẹ kí Nàìjíríà ti kúrò lórí ti àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀, Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó dé Òṣogbo ní 2018, ó dé Èkó ní 2021. Ti àtijọ́, tí signal ò bá lágbára, àwòrán á máa ṣe wùruwùru ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa rí ojú èèyàn. Dìgítà ò mọ wùruwùru, ó mọ́ kedere tàbí kó gan pa. Ẹ wò ó bóyá DVB-T2, ìyẹn ohun tó ń gba signal dìgítà, wà lára tẹlifíṣàn yín, tí kò bá sí, ẹ máa nílò dikódà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kó wá shánẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí áńtẹ́nà, ẹ tún ní kó wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Rédíò ò le. Fún FM, ẹ gé wáyà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 72, ẹ nà wọ́n síra bí ọwọ́ èèyàn tó na apá, kẹ́ ẹ so àárín wọn mọ́ ojú áńtẹ́nà rédíò. Ìwọ̀n yẹn bá Amúlùdùn FM 99.1 mu gan-an. Ti AM, inú rédíò fúnra ẹ̀ ni áńtẹ́nà wà, ẹ kàn máa yí rédíò yẹn títí ohùn á fi là, kẹ́ ẹ sì gbé ṣájà fóònù àti inverter jìnnà sí i torí wọ́n máa ń jẹ́ kó máa ha.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo eléyìí, tí ti aládùúgbò méjì náà ò sì gbé, ó ti dọwọ́ òpó nìyẹn. Ẹ kọ aago tó lọ àti orúkọ àdúgbò yín sílẹ̀, ẹ wá pe iléeṣẹ́ tó wà nílùú yín, kì í ṣe Àbújá.