Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ètò Òtẹ́ẹ̀lì Òfuurufú Wò Kí Ẹ Tó Fowó Sí I

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, títí dé kòtò ìgbẹ́ tí àlejò kankan kì í fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn àbúrò wa tó wà ní Houston àti London fi máa ń fi ìròyìn òtẹ́ẹ̀lì òfuurufú, ìyẹn ilé àlejò tí wọ́n ní àwọn yóò gbé lọ sókè kúrò lórí ilẹ̀ ayé, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí o. Ṣé ó lè ṣeé ṣe?" Àwọn kan ń bá mi ṣeré ni. Àwọn míì ti fẹ́ ra ìpín. Bí mo ṣe ń yẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ wò nìyí, kò sì gba pé kí ẹ ti ka ìwé sáyẹ́ǹsì rẹpẹtẹ.

Ẹ ya lílọ sókè sọ́tọ̀ kúrò lára sísùn lókè

Àwòrán wọn a máa dùn ún wò: fèrèsé gbàgàdà, ife wáìnì, ayé aláwọ̀ búlúù nísàlẹ̀. Ẹnu dùn ún rò'fọ́, kọ̀ǹpútà náà sì dùn ún yàwòrán. Ẹ pa á tì ná.

Nígbà tí Owólabí Salis, agbẹjọ́rò ọmọ Ìkòròdú, gòkè nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ Blue Origin ní oṣù kẹfà ọdún 2025, inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn a gòkè kọjá kìlómítà 100, a sì tún bọ̀ wálẹ̀. Ohun tí àlejò máa sùn nínú rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó lè dúró lókè láìjábọ́, ó ní láti máa sáré yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Agbára tó ń gbé kílò kan dé ibẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 30 ti èyí tó gbé kílò kan dé ibi tí Salis dé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "àwọn ènìyàn ṣáà ti ń lọ sókè báyìí, òtẹ́ẹ̀lì ló kù," ẹ bi í pé sókè wo.

Ọkọ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe yàrá

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù nìyí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí ti ń kú.

Láti ọdún 1967 ni Barron Hilton, ọmọ ẹni tó dá òtẹ́ẹ̀lì Hilton sílẹ̀, ti dúró níwájú àwọn onímọ̀ ní Dallas tó ń ṣàlàyé bí Hilton yóò ṣe rí lórí òṣùpá. Ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó yẹ ká kọ́gbọ́n lára rẹ̀ ni Robert Bigelow ti Las Vegas. Òun kì í ṣe aláwòrán. Òtẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an: òun ló ni Budget Suites of America, ibẹ̀ ló sì ti rówó. Ní 1999 ló dá Bigelow Aerospace sílẹ̀. NASA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀ lórí ilé aláṣọ kan tí wọ́n ń pè ní TransHab, èyí tí wọ́n lè ká kéékèèké sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lókè kó lè gbòòrò. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ náà dúró. Bigelow ra ẹ̀tọ́ sí i, ó sì ń bá a lọ pẹ̀lú owó ara rẹ̀.

Ohun tó ṣe ṣiṣẹ́. Genesis I gòkè ní 2006, Genesis II tẹ̀lé e ní 2007, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Dnepr ló gbé méjèèjì, èyí tí í ṣe ohun ìjà tẹ́lẹ̀ rí. Ní 2016, wọ́n so yàrá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ BEAM mọ́ ibùdó òfuurufú àgbáyé, ìyẹn ISS, mílíọ̀nù 17.8 dọ́là ni NASA san fún un. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó gbòòrò, kò ya, kò jò, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí.

Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2020, Bigelow dá gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin kónílé-ó-gbélé kòrónà ní Nevada wà lára ohun tó fà á, a kò lè fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ọjọ́ dáadáa. Láti 2011 tí Space Shuttle, ọkọ̀ NASA tó ń gbé ènìyàn, ti fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ Soyuz ti Rọ́ṣíà nìkan ló kù tó lè gbé àlejò lọ sí ISS. Yàrá ti wà, mọ́tò kò sí. Ìgbà tí ọkọ̀ aládàáni àkọ́kọ́ gbé ènìyàn lọ yí ayé po, ìyẹn Dragon ti ilé-iṣẹ́ SpaceX, ìparí oṣù karùn-ún 2020 ni. Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí ọkùnrin yìí ti tilẹ̀kùn! Nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo owó. Wọ́n ròyìn pé mílíọ̀nù 20 dọ́là ni Dennis Tito san nígbà tó lọ sí ISS nínú Soyuz ní 2001, òun sì ni àlejò àkọ́kọ́ tó fi owó ara rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin 2022, nígbà tí Axiom Space ti Houston kó àlejò mẹ́ta lọ síbẹ̀ nínú Dragon, iye tí wọ́n ròyìn ni mílíọ̀nù 55 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, ó lọ sókè ni, kò wálẹ̀. Èló wá ni owó yàrá níbẹ̀? Ní 2019, NASA kéde pé nǹkan bíi 35,000 dọ́là ni alẹ́ kan fún ẹnì kan. Ẹ fi iye yẹn ṣírò alẹ́ mẹ́wàá: 350,000. Ẹ fi wé mílíọ̀nù 55, kò tó kọ́bọ̀ kan nínú náírà kan. Lóòótọ́, NASA gbé owó rẹ̀ sókè gan-an ní 2021, torí pé iye ti tẹ́lẹ̀ kò bo ohun tí wọ́n ń ná. Síbẹ̀, owó ọ̀nà ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní òun ti rí ọ̀nà tí yàrá òun yóò fi wọ́n díẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ohun tó wọ́n.

Nítorí náà, nínú ìwé ètò wọn, ẹ wá orúkọ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti ń gbé ènìyàn, ó dára, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ Starship, ọkọ̀ ńlá tí SpaceX ṣì ń dán wò, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, Starship kò tíì gbé ènìyàn kankan.

Ẹ béèrè omi, afẹ́fẹ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Èyí ni iṣẹ́ tèmi. Lókè níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í gòkè, tútù kì í sì í sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá sùn síbi tí fáànù kò dé, èémí tí ẹ mí síta yóò dúró yí imú yín ká, ẹ ó sì máa mí i padà sínú. Nítorí náà, fáànù kò gbọdọ̀ dákẹ́ tọ̀sán-tòru. Nínú àwòrán wọn, yàrá a máa pa rọ́rọ́; ẹ má gbà á gbọ́, ariwo ẹ̀rọ ni orin ibẹ̀. Ooru tó ń jáde lára ẹ̀rọ àti ènìyàn náà kò ríbi gbà, torí pé kò sí afẹ́fẹ́ níta tí yóò gbé e lọ. Amóníà ló ń yí nínú páìpù lára ISS, tó ń gbé ooru lọ sára àwọn pátákó fífẹ̀ tí yóò tan án dànù sínú òkùnkùn. Bí ètò kan kò bá ní irú pátákó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀, ẹni tó yà á kò tíì bá ẹnjinníà sọ̀rọ̀.

Omi ńkọ́? ISS ń tún ìtọ̀, òógùn àti omi inú èémí ṣe, wọ́n ń mu ún padà. Ní 2023, NASA ní àwọn ti ń rí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà gbà padà. Láti ara omi ni wọ́n tún ti ń yọ ọ́síjìn tí wọ́n ń mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún ẹ̀rọ yẹn ṣe kó tó dé ibi tó dé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ní 2020 ná wọn ní mílíọ̀nù 23 dọ́là. Ẹ fojú inú wo òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá ọgọ́rùn-ún.

Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe pẹ̀lú. Èmi lè ránṣẹ́ sí Ògùnpa kí wọ́n gbé páńpù tuntun wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lókè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fetí sí àwọn tí ètò wọn kéré. Ilé-iṣẹ́ Vast ń ṣe ohun kan tó ń jẹ́ Haven-1: yàrá kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́rin, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, Dragon ni yóò gbé wọn lọ, yóò sì dúró dè wọ́n. Wọn kò gbìyànjú láti tún omi ṣe bíi ti ISS. Ohun tí wọ́n máa lò ni wọ́n máa gbé dání. Oṣù kẹjọ 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sì ti sún ọjọ́ náà síwájú. Ìyẹn kò já mi láyà. Ẹni tó ń fi irin gidi ṣiṣẹ́ a máa pẹ́.

Ẹ wọn ìwúwo rẹ̀

Ẹ mú bírò. ISS wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 420, èèyàn méje ló sì sábà máa ń gbé inú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 60 fún ẹnì kan. Láti 1998 ni wọ́n ti ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, owó rẹ̀ ju bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ, ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì dáwó jọ.

Ẹ wá mú Voyager Station, òtẹ́ẹ̀lì tó rí bíi kẹ̀kẹ́ ńlá, tí wọ́n kéde pé yóò gba èèyàn 400, tí yóò sì ṣí ní 2027. Tí ẹ bá fi ìwọ̀n ISS ṣírò rẹ̀, tọ́ọ̀nù 24,000 ni. Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX, lè gbé tọ́ọ̀nù 22.8 nígbà tí wọn kò bá retí kó padà, nítorí náà ó ju ẹgbẹ̀rún kan ìrìn lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣàánú wọn, ká ní wọ́n gbọ́n débi tí tiwọn fi fúyẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó ṣì ju ọgọ́rùn-ún ìrìn lọ, a kò tíì ka àlejò kankan. Yíyí tí wọ́n ní yóò máa yí kì í ṣe irọ́ o. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ tó mítà 200, bó bá ń yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ àlejò yóò tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó wà lórí òṣùpá. Ìṣirò náà pé. Ta ló máa gbé e lọ, ta ló sì máa so ó pọ̀?

Ọjọ́ ìṣílé, àsansílẹ̀ àti ọjọ́ tí àlejò kò wá

Galactic Suite ti Barcelona kéde ní 2007 pé àwọn yóò ṣí ní 2012: mílíọ̀nù mẹ́ta yúrò fún alẹ́ mẹ́ta. Orion Span kéde ní 2018 pé àlejò yóò wọlé ní 2022: mílíọ̀nù 9.5 dọ́là fún ọjọ́ méjìlá, àsansílẹ̀ 80,000 dọ́là. Èyí àkọ́kọ́ kò gbéra nílẹ̀, ìkejì kógbá wọlé ní 2021. Bí ọjọ́ ìṣílé bá wà láàárín ọdún márùn-ún, tí wọn kò sì tíì gbé ohunkóhun lọ sókè rí, kódà páálí ìṣáná, ẹ pa fóònù yín dé.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ń sanwó nígbà tí àlejò kò bá sí. NASA ń ná nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dọọdún lórí ISS. Axiom fúnra rẹ̀ ti rí i pé olówó tó fẹ́ ṣeré kò pọ̀ tó. Àwọn tó gbé lọ ní 2024 ń ṣojú Ítálì, Tọ́kì àti Sweden. Ti 2025 ń ṣojú Íńdíà, Pólándì àti Họ́ngárì. Ìjọba ló kún yàrá, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní òtẹ́ẹ̀lì Àbújá.

Àlejò tó tiẹ̀ wá, ó ju ìdajì lọ tí ara wọn kì í balẹ̀ ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, èébì ni. Ẹni tó sanwó alẹ́ mẹ́ta yóò ha padà wá bí?

Ilẹ̀kùn àbájáde àti ìwé owó

Àwọn àlejò Axiom ti 2022 ní kí àwọn lo ọjọ́ mẹ́wàá, ojú ọjọ́ dá wọn dúró di mẹ́tàdínlógún. Butch Wilmore àti Suni Williams lọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ nínú Starliner ní 2024, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Bí ètò kan kò bá ní ọkọ̀ tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú ìjókòó fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé títí kan agbọ́únjẹ, ẹ má wulẹ̀ kà á parí. Ẹ má sì ní ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí FAA, àjọ ìjọba wọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, gbé ìlànà ààbò kalẹ̀ fún àwọn èrò inú ọkọ̀ òfuurufú aládàáni títí di oṣù kìíní 2028. Ìwé ni wọn yóò fún yín kí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ mọ ewu rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ ra ìpín, iṣẹ́ kan ló kù fún un. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bá ń gba owó kéékèèké lọ́wọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi ìwé kan tó ń jẹ́ Form C ránṣẹ́ sí SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ títa ìpín, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà á lórí EDGAR, ìkànnì àjọ náà. Ẹ tẹ orúkọ wọn síbẹ̀. Ẹ fo gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn iwájú, ẹ lọ síbi tí olùṣirò owó ti kọ̀wé, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ṣiyèméjì pé ilé-iṣẹ́ náà lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tó wà ní báǹkì. Bí kò bá tó ra ìjókòó kan ṣoṣo nínú Dragon, ẹ ra ilẹ̀ sí Mọ́níyà.