Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Mọ Ibi tí Olúkúlùkù Ti Ń Fẹ́ Àṣẹ Lórí Ọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkọ tàbí aya yín ṣe ń fẹ́ kí àṣẹ ọ̀rọ̀ ara òun wà lọ́wọ́ òun tó, ẹ má ṣe tìtorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kí ẹ dá a lójú ara yín pé ẹ ti mọ̀. Lóòótọ́, nígbà tí Jerry Burger àti Harris Cooper, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, gbé òṣùwọ̀n ìfẹ́ àṣẹ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979, èyí tí ó ní gbólóhùn 20 tí ènìyàn yóò fún ní máàkì láti 1 dé 7, máàkì àwọn ọkùnrin fi díẹ̀ ga ju ti àwọn obìnrin lọ; ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò tó fi mọ inú ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Obìnrin tí ó ń mọ ìkòkò ní Dáda, ní Ìlọrin níbí, lè máa ná owó rẹ̀ bí ó ti wù ú, kí ó má sì ní ohùn kankan lórí ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ.

Kí olúkúlùkù mú ìwé tirẹ̀, kí ó kọ owó, iṣẹ́, ìlera, ẹ̀kọ́ ọmọ àti ìrìn àjò sí i, kí ó wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì méjì láti 1 dé 7: bí ó ṣe ń fẹ́ àṣẹ níbẹ̀ tó, àti bí ó ṣe ní in tó. Ẹ má ṣe é níwájú àwọn ará agbolé, nítorí ìyàwó yóò máa bẹ̀rù kí wọ́n má pè é ní agbéraga, ọkọ náà yóò sì máa bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ìyàwó ló ń darí òun. Ẹ̀rù méjèèjì yìí ni yóò sì kọ ìdáhùn dípò wọn.

Ibi tí máàkì méjèèjì ti jìnnà síra jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mìíràn yóò kọ 7 sí ohun tí ó ní, 2 sí ohun tí ó fẹ́, torí pé ẹrù náà ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì rí ẹni sọ fún. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹnì kejì lọ́wọ́ pátápátá fún oṣù mẹ́ta, láìyọjú sí i.

Bí ìyá bá ń bọ̀ láti Òmù-Àrán wá gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ bi òun náà. Ní ọdún 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, rí i pé àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan, tí wọ́n fi yíyan ohun tí wọ́n fẹ́ àti ìtọ́jú ewéko kan sí ìkáwọ́ ara wọn, túbọ̀ ń yá gágá, inú wọn sì ń dùn sí i. Nítorí náà, kí màmá fúnra wọn yan yàrá tí wọn yóò sùn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.