Ẹ Fetí sí Odó Kí Ẹ Tó Jókòó

Ìyá mi ta iyán ní Ìjigbò, ní Adó-Èkìtì, fún ọdún 19. Ọdún 1997 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń kó ẹrù bọ̀ láti Àkúrẹ́. Púpọ̀ nínú wọn fi aya àti ọmọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tí yóò dáná ọ̀sán fún wọn. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mò ń bó iṣu, èmi ni mò ń fọ abọ́. Nígbà tí apá mi ká a, wọ́n fún mi ní ọmọ odó.

Lónìí, iṣẹ́ ìjọba lèmi náà ń ṣe, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń jẹun ọ̀sán níta. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Adó kì í pẹ́ bi mí pé, "Àǹtí, ibo ni iyán ti dáa níbí?" N kì í dárúkọ búkà kan fún un. Búkà a máa yí padà. Ìyá tó ń sebẹ̀ lè ṣàìsàn, géńdé tó ń gúnyán lè lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ibi tí a ti ń jẹ ajẹpọ́nnulá lọ́dún tó kọjá á di ibi tí a kò lè jẹ òkèlè mẹ́ta. Bí ènìyàn ṣe ń fi etí, imú àti ojú ara rẹ̀ yan ibi tí yóò jókòó sí ni mo máa ń kọ́ wọn.

Etí ló ṣáájú. Iyán gidi máa ń pariwo kó tó dé inú abọ́. Bí ẹ bá rìn láti Òkèṣà lọ sí Ìjigbò láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán, tí ẹ yà díẹ̀ kúrò níbi ariwo ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ odó lẹ́yìnkùlé. Ẹ dúró, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí iṣu ṣì wà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ nínú odó, ìró rẹ̀ a máa gbẹ: gbò, gbò. Bó bá ti ń di iyán, ọmọ odó á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, ìró á wúwo, á rọ̀: gbì, gbì. Ẹ ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ iyán kó tó tún gòkè. Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí, ẹ wọlé, ẹ fọwọ́. Kò ní pẹ́ dé iwájú yín, gbígbóná ni yóò sì dé.

Bí ẹ bá dé ilé oúnjẹ kan ní aago méjìlá tó ní òun ń ta iyán, tí ẹ kò gbọ́ ohunkóhun, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gún un. N kò ní kẹ́gàn ẹ̀rọ láéláé. Ká ní ìyá mi rí ọ̀kan rà nígbà ayé iyán rẹ̀ ni, bóyá èjìká ọ̀tún rẹ̀ kì bá tí máa ro ó bó ṣe ń ro ó títí di òní. Iyán ẹ̀rọ dáa bí iṣu rẹ̀ bá dáa; kì í kàn ń fà tó ti odó ni. Ohun kejì ni pé wọ́n ti gún un láàárọ̀, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n kó o sínú kúlà. Èyí náà kò burú títí di nǹkan bí aago kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru inú ọ̀rá á mú kí iyán máa làágùn, ara rẹ̀ á tutù, á máa yọ̀ bọ̀rọ́, òkèlè kò sì ní gba ọbẹ̀ mọ́.

Ohun kẹta ló ń dùn mí. Èlùbọ́ iyán ni wọ́n rò, wọ́n sì pè é ní iyán. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ìbátan mi kan ti Èkó wá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ pé àwọn ń bọ̀ ni mo ti ń ròyìn iyán Èkìtì fún wọn. Mo fẹ́ fi ibi tó tutù tó sì rẹwà yẹ́ wọn sí, mo bá kó wọn lọ sí ilé oúnjẹ ńlá kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Iyán dé, ó funfun, ó ń dán, kò ní kókó kankan. Mo gbé e sún mọ́ imú, kò rùn bí iṣu, kò rùn bí nǹkan kan. Mo bi ọmọbìnrin tó gbé e wá, ó ní, "Àǹtí, iyán ni o." Àwọn àlejò mi jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́. Àbúrò bàbá mi ní, "Ó dà bíi tiwa l'Ékòó." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, n kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì mo kó wọn lọ sábẹ́ páànù, níbi tí a ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí òógùn ń bọ́ lójú gbogbo wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yìí kan náà bu iyán kún iyán.

Nítorí náà, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu òkèlè kejì. Ẹ fi ìka mẹ́ta fà á: iyán gidi ń fà, á sì já bí ẹ bá fà á jù. Rírò kì í fà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ìka. Kókó kan tàbí méjì nínú iyán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmì ọwọ́ ènìyàn ni. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣu ni kò jinná tàbí ẹni tó gún un ni ó ń kánjú.

Ẹ fi oṣù náà sọ́kàn. Láti nǹkan bí oṣù keje ni iṣu tuntun máa ń wọ ọjà, ìgbà tí a bá fi máa ṣe Ùdìrọ̀kò, ọdún ìbílẹ̀ Adó, nínú oṣù kẹjọ, ibi gbogbo ti kún. Inú wa a máa dùn sí i, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi gúnyán, yóò rọ̀ jù, yóò sì máa tẹ́ sínú abọ́. Ọlọ́gbọ́n olóúnjẹ á wá iṣu ògbólógbòó díẹ̀ pò mọ́ ọn. Bí iyán bá rọ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ má tètè dá ìyá olóúnjẹ lẹ́bi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kìíní títí wọ oṣù kẹrin, ni iyán máa ń dáa jù, torí iṣu ti gbẹ, ó ti wọ̀ra. Ìyá mi kì í ra ewùrà láti fi gúnyán, bó ti wù kó pọ́n ọn lójú tó. Bí iṣu ilé bá wọ́n, á dúró de ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ láti Bẹ́núé.

Imú ló kàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí ọbẹ̀. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ mí sínú. Irú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn. Bí ó bá jẹ́ òórùn epo jíjó ló gba iwájú, ọbẹ̀ àná ni wọ́n tún gbóná, wọ́n sì da epo tuntun lé e lórí kí ojú rẹ̀ lè pọ́n. Epo tó léfòó bo ọbẹ̀ kì í tàn mí mọ́. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó bá ti fara balẹ̀ jinná, epo rẹ̀ á yọ díẹ̀ létí ìkòkò, ẹ̀gúsí rẹ̀ á sì dì ní kókó kéékèèké.

Ẹ̀fọ́ rírò ni gbogbo búkà Adó ní, ìyẹn tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ. Ẹ béèrè èyí tí kì í sí lójoojúmọ́. Ìṣápá ni mo fẹ́ràn jù. Kíkan ni ó ń kan, ẹni tó bá sè é ti gbọ́dọ̀ bọ̀ ọ́, kó fún un, kó tún omi rẹ̀ dà, kó tó fi ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ sí i. Ẹni tó kánjú kò lè sè é. Bí mo bá dé ibi kan tí wọ́n ní ìṣápá, mo mọ̀ pé ẹni tó wà nídìí ààrò ní sùúrù, mo sì máa ń jẹ gbogbo ohun tó kù níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ewúro náà bẹ́ẹ̀: kó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú kíkorò rẹ̀, kó má ṣe di koríko.

Ojú ni yóò wo abọ́. Ṣé wọ́n dojú wọn dé? Ṣé ìdérí wà lórí ìkòkò àti lórí omi? N kì í fi èyí ṣeré, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tó jẹ́ aládùúgbò wa, wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ní Nàìjíríà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ tàbí abọ́ wà lára ohun tó ń kó o ran ènìyàn. Ibi tí mo bá ti rí abọ́ tó la ẹnu sókè sílẹ̀ láti àná, mo máa ń kí wọn, mo sì máa ń kọjá lọ. Omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀ kí ẹ tó fi eyín já a.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá kù, òun sì ni àlejò sábà máa ń ṣì. Ẹ má pòṣé, ẹ má pàtẹ́wọ́ pe olóúnjẹ. Bó bá dàgbà, "Màmá" ni. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín tàbí tó jù yín lọ díẹ̀, "Àǹtí" ni. Ẹ kọ́kọ́ kí i: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ooru." Ìyá mi kì í dá ẹni tó pòṣé sí i lóhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kí i, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò ti bu ọbẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ẹja gbígbẹ sùn sí. Bí ẹ bá fura pé inú kúlà ni iyán yóò ti wá, ẹ má ṣe sọ ọ́ níwájú oníbàárà mìíràn. Ẹ ní, "Màmá, mo lè dúró de èyí tí ẹ ń gún lọ́wọ́." Yóò yé e.

Ọ̀tọ̀ ni owó iyán, ọ̀tọ̀ ni ti ẹran. Ní ọ̀pọ̀ búkà, ọbẹ̀ ń bá iyán rìn ni, ẹran ló máa ń ṣí àpò. Pọ̀ǹmọ́, ṣàkì, ẹja, ẹran ìgbẹ́, iye wọn kò dọ́gba, iye ọ̀yà sì lè ju gbogbo oúnjẹ yòókù lọ. Ẹ béèrè kí ṣíbí tó wọ ìkòkò. Lẹ́yìn tó bá ti délẹ̀ nínú abọ́, ẹ kò lè dá a padà mọ́, kò sì yẹ kí ẹ máa ná an. Bí ẹ bá fẹ́ èènì, ọbẹ̀ ni kí ẹ tọrọ, kì í ṣe ẹran.

Ẹ mú owó díẹ̀ dání. Mo ti jókòó rí fún ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn tí mo jẹun tán, tí owó ti kúrò ní àkáǹtì mi tí álàátì kò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Ìyá náà kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí n lọ, èmi náà kò sì lè bá a wí, torí ọmọ ẹni tó ń ta iyán ni mí. Mo mọ ohun tí owó abọ́ kan jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi san án.

Bẹ́ǹṣì kan náà ni ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí máa jókòó sí. Bí oúnjẹ yín bá kọ́kọ́ dé, ẹ ní, "Ẹ wá jẹun o." Òun á ní, "Á gba ibi ire."

Ní ti àṣálẹ́, n kò ní púpọ̀ sọ. Àsun ni kí ẹ wá, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e lójú yín, kí ẹ sì sọ bí ata yóò ṣe tó kí wọ́n tó dà á sínú agbada. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kọ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà, máa ń kún nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, púpọ̀ nínú àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ á dín ìkòkò kù, oúnjẹ á sì tètè tán.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti gbọ́ odó rẹ̀ lánàá, tí aago mẹ́ta ti kọjá, tí wọ́n ti da ojú odó dé, tí Màmá sì ní, "Ó ti tán o, ọmọ mi," ẹ má ṣe jẹ́ kó wá inú kúlà fún yín. Ẹ bi í pé aago mélòó ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gún lọ́la.