Bí ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà dá meme tó ń tàbùkù obìnrin mọ̀ lédè Tamil àti Malayalam

Meme ni àwòrán tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára, tí wọ́n ń pín kiri lórí ayélujára. Ẹ ro ti àwòrán obìnrin kan tó ń wa mọ́tò. Kò sí láburú níbẹ̀. Ẹ ro ti gbólóhùn kan: "Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ sá kúrò lójú títì." Òun náà kò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí wọ́n bá lẹ méjèèjì pọ̀, èébú ti dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí módẹ́ẹ̀lì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ iṣẹ́ láti inú àpẹẹrẹ) tó ń ka ọ̀rọ̀ nìkan, tàbí tó ń wo àwòrán nìkan, kò fi lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Lédè Tamil àti Malayalam, tí wọ́n ń sọ ní gúúsù India, ìṣòro méjì mìíràn tún wà: dátà, ìyẹn àpẹẹrẹ tí módẹ́ẹ̀lì á fi kọ́ṣẹ́, kò pọ̀, lẹ́tà inú àwòrán sì ṣòroó kà. Àkójọ TamilMemes tó jáde lọ́dún 2020 kò pé 3,000 meme.

Àmì tí ẹ máa fún meme

Ẹ má kàn pín in sí "burúkú" àti "dáadáa". Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, ká ní títàbùkù obìnrin, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ó kéré tán, kí ẹni mẹ́ta tó gbọ́ èdè náà láti ilé fàmì sí meme kọ̀ọ̀kan láìwo ti ara wọn, kí obìnrin sì wà láàárín wọn. Ẹ ṣírò Fleiss' kappa, ìwọ̀n tó ń sọ bí àwọn tó fàmì ṣe fohùn ṣọ̀kan tó (1 ni ìfohùnṣọ̀kan pátápátá). Bí kò bá tó 0.6, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé ìlànà yín ni kò ṣe kedere. Ẹ tún un kọ.

Pínpín dátà

Ibí ni àbájáde ayédèrú ti máa ń wá jù. Àwọn tó ń ṣe meme Tamil fẹ́ràn ojú Vadivelu, aláwàdà sinimá, débi pé àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo lè gbé oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Bí àwòrán kan náà bá wà nínú dátà ìkọ́ni àti ti ìdánwò, módẹ́ẹ̀lì á há ojú yẹn sórí, máàkì á sì ga lásán. Ẹ ṣe perceptual hash oní-bit 64 fún meme kọ̀ọ̀kan: àmì kúkúrú tí 0 àti 1 mẹ́rìnlélọ́gọ́ta (bit) para pọ̀ di, tí àwòrán tó jọra máa ń ní irú kan náà. Èyí tí ìyàtọ̀ wọn kò ju bit 8 lọ, ẹ kó wọn sí agbo kan. Odindi agbo ni kó lọ sí apá kan: ìkọ́ni, àyẹ̀wò tàbí ìdánwò. Bí ọ̀rọ̀ bá bo apá tó pọ̀ lára àwòrán, hash yóò tàsé, torí náà ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò.

Yíyọ ọ̀rọ̀ jáde

Ibí ló yẹ kí àkókò yín pọ̀ sí jù lọ. Ẹ lo Tesseract, ètò tó ń ka lẹ́tà inú àwòrán, pẹ̀lú `tam+eng` fún Tamil, `mal+eng` fún Malayalam. Àwọn tó ń kọ ọ́ máa ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ fẹ àwòrán lójú títí lẹ́tà á fi ga tó píksẹ́ẹ̀lì 30. Lẹ́tà funfun lórí dúdú wọ́pọ̀, nítorí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe wà àti lẹ́yìn tí ẹ bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí ẹ mú èyí tí ìdánilójú rẹ̀ ga jù. Bí ọ̀rọ̀ bá fọ́n káàkiri, àṣẹ Tesseract `--psm 11` ló dáa. Bó bá wà lójú kan, `--psm 6`. Ẹ pa orúkọ ojú ìwé ayélujára tó gbé meme jáde, tó máa ń wà ní igun àwòrán, rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ módẹ́ẹ̀lì á máa dá ojú ìwé mọ̀ dípò èébú.

Ó tún ku Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ Tamil tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin, பொண்ணு, lè jáde pẹ̀lú ொ (U+0BCA), tàbí pẹ̀lú ெ àti ா lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, á tún ìyẹn ṣe. Ẹni tó ti wá "ẹ́" nínú fáìlì Yorùbá tí kò rí i mọ wàhálà yìí. Àmọ́ NFC kò ran chillu Malayalam, ìyẹn kọ́ńsónáǹtì tí kò ní fáwẹ̀lì lẹ́yìn: ൻ (U+0D7B) wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ tó kọ ọ́ ní ന, ് àti ZWJ (àmì tí ojú kò rí, tó ń so lẹ́tà pọ̀) ṣì ń jáde. Ẹ fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀, àti ti ൺ, ർ, ൽ, ൾ, kí ẹ tó nu ZWJ kúrò. Bí ẹ bá nù ún ṣáájú, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Módẹ́ẹ̀lì

Fún ọ̀rọ̀, MuRIL, módẹ́ẹ̀lì èdè ti Google, la máa mú: ó gbọ́ èdè India 16 àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ kọ́ ọ, nítorí náà "ponnu" kò ṣàjèjì sí i. Fún àwòrán, apá àwòrán CLIP ViT-B/32, módẹ́ẹ̀lì OpenAI tó mọ àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀. MuRIL á sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà 768, CLIP á sọ àwòrán di 512; wọ́n á para pọ̀ di 1,280, kí wọ́n gba ìpele oní-nọ́ńbà 256 kọjá pẹ̀lú dropout 0.3 (pípa apá kan nínú nọ́ńbà láìròtẹ́lẹ̀ nígbà ìkọ́ni, kí módẹ́ẹ̀lì má kàn há dátà sórí), kí ìdáhùn sì jáde. Ẹ má jẹ́ kí CLIP yí padà rárá bí dátà bá kéré. Learning rate (bí módẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí padà tó ní ìgbésẹ̀ ìkọ́ni kọ̀ọ̀kan) ti MuRIL, 2e-5. Ti ìpele òkè, 1e-3. Ẹ dúró nígbà tí macro F1 (ìwọ̀n tó ń fún meme burúkú àti mímọ́ ní ipò kan náà, bí ọ̀kan tilẹ̀ pọ̀ jù) kò bá gòkè mọ́ lórí dátà àyẹ̀wò, ìyẹn apá tí ẹ yà sọ́tọ̀ láti fi wo bí ìkọ́ni ṣe ń lọ.

Ìdánwò

Ẹ má gbójú lé accuracy, ìyẹn iye ìdáhùn tó tọ̀nà nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 75 nínú meme 100 bá mọ́, módẹ́ẹ̀lì tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní mímọ́ á gba 75%, macro F1 rẹ̀ kò sì ju 0.43 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dán ọ̀rọ̀ nìkan wò, àwòrán nìkan, àti méjèèjì. Bí àwòrán nìkan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú méjèèjì, ojú àwọn ènìyàn ló ń há sórí. Ẹ padà sídìí pínpín dátà.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ lo dátà àyẹ̀wò láti wá àlà méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, fún máàkì tí módẹ́ẹ̀lì ń fún meme. Èyí tó kọjá àlà òkè, ẹ fi pamọ́ títí ènìyàn á fi wò ó. Èyí tó wà láàárín, ẹni tó gbọ́ Tamil tàbí Malayalam ni kó dá a. Módẹ́ẹ̀lì lè ṣì mú meme tó ń fi èébú hàn láti bá a wí, obìnrin tó ń gbèjà ara rẹ̀ ló sì lè kọ irú rẹ̀.