Kí ẹ tó ṣí ojú ìwé ìdáwó, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn èèyàn yín

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ní Ìbàdàn. Bí ẹnì kan nínú wa bá fẹ́ dáwó iṣẹ́ abẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ni wọ́n máa ń pè, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ sì ni pé: ta lẹ ní?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ethan Mollick ní Amẹ́ríkà yẹ Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, wò, ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2014. Nínú àwọn tó ń wówó fíìmù, ẹni tó ní ọ̀rẹ́ 10 lórí Facebook, àǹfààní rẹ̀ láti rówó náà pé jẹ́ 9 nínú 100. Ọ̀rẹ́ 100, ó di 20. Ọ̀rẹ́ 1,000, ó di 40.

Torí náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa gbé fóònù yín: ẹbí, ará ibi iṣẹ́, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi tiwọn sí i láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i. Àjèjì tí kò bá bá kọ́bọ̀ níbẹ̀ á kọjá lọ ni.

GoFundMe, ìkànnì ìdáwó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún owó ìwòsàn, kì í jẹ́ kí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gba owó sí báńkì ilé, ará ìlú òyìnbó ló máa bá yín ṣí i. Ẹ mú ẹni tí wọ́n mọ̀ sí olóòótọ́ níbẹ̀, kó sì kọ bó ṣe jẹ́ sí aláìsàn náà.

Ẹ má kàn ju líǹkì lásán sí WhatsApp. Ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ WhatsApp náà ni kó sọ̀rọ̀, kó sì fi ohùn sọ ọ́. Báyìí ni alága wa ṣe sọ tiwa: "Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń ṣọ́ gólì fún wa nílé ìwé ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí o. Mo ti fi tèmi sílẹ̀. Ará Houston, ìwọ ló kàn." Ará Houston dáwó, òun náà pe ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹni tí ẹ mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn fún. Ìtìjú lè lé e kúrò nínú ẹgbẹ́.

Bí ẹ bá sanwó ilé ìwòsàn, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì náà, ẹ bo nọ́ńbà fóònù aláìsàn, kí ẹ fi ṣọwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú iye tó kù. Àwọn tó ti dáwó ló máa fi han àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí. Bí owó bá dákẹ́, ẹ padà pè wọ́n. Ẹ má tún tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n lè bá yín bá sọ̀rọ̀ ni kí ẹ béèrè.