Ẹ má tún fídíò .ts sè, àpò rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ ń fi dìkódà gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ sínú fláàṣì, fáìlì .ts yẹn (àpò tí àwòrán àti ohùn wà nínú rẹ̀) kò nílò kí ẹ tún un sè, ìyẹn kí ẹ tún fún un pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kó tó di MP4. Ẹ fi ffmpeg (ètò kọ̀ǹpútà tí ń yí fídíò padà) sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí sínú ojú ìwé àṣẹ (terminal), kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò "ere":

ffmpeg -i ere.ts -c:v copy -c:a aac -b:a 160k ere.mp4

Àwòrán inú .ts sábà máa ń jẹ́ H.264 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ àwòrán kan), MP4 sì gbà á bẹ́ẹ̀, ni "copy" ṣe kàn ń gbé e kọjá láìfọwọ́ kàn án. Kò ní ṣú, kò ní dínkù. Ohùn nìkan ló ń yí padà, torí pé ohùn oríṣi MP2 tó sábà máa ń wà nínú .ts kì í dún lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Bí iná bá tilẹ̀ lọ ní Àdátán, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé e dé ilé.

Bí àwòrán bá jẹ́ MPEG-2, ọ̀nà ìfúnpọ̀ àtijọ́ (ffmpeg -i ere.ts á fi hàn yín), ọgbọ́n yìí ò ràn án. HandBrake, ètò mìíràn tí ń tún fídíò sè, ló kù: ẹ yan H.264, RF 20 (òṣùwọ̀n dídára àwòrán; bó bá ṣe kéré sí ni àwòrán ṣe ń dára sí i), Framerate ní "Same as source", kí ẹ sì tan Decomb. RF tó bá wá sísàlẹ̀ 18 á kàn mú fáìlì wú lásán ni. Decomb yẹn gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí ìlà wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà á fi máa yọ lára ẹni tó bá ń sáré nínú eré.