Wọ́n ní igi ti gbẹ, èéfín ń pa wá lójú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí gáàsì wọ́n jù, mo ní kí wọ́n já igi ìdáná ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ fún mi. Onígi búra pé ó ti gbẹ. Ní báyìí, èéfín kò jẹ́ ká ríran, omi ń hó jáde lẹ́nu igi, ìdí ìkòkò sì dúdú bí ọ̀dà. Ṣé àdògán mi ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Àdògán yín kò ṣẹ̀. Omi tó ń hó lẹ́nu igi yẹn, ẹ̀rí nìyẹn pé igi tútù ni wọ́n tà fún yín. Nínú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kí iná tó ráyè ọbẹ̀ yín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ omi yẹn ná. Mi ò ní sọ pé onígi purọ́ o. Igi tó ti wà lóòrùn ọ̀sẹ̀ méjì, lójú tiwọn, ó ti gbẹ. Ara rẹ̀ á gbẹ lóòótọ́, orí rẹ̀ á tiẹ̀ ti sán. Inú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìbéèrè: Báwo lèèyàn ṣe ń mọ inú rẹ̀ kówó tó jáde lápò?

Ìdáhùn: Ẹ má wo tòkè ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń to èyí tó dáa sí. Ẹ fa ọ̀kan tó nípọn yọ láàárín, kí wọ́n fi àáké là á lójú yín, kí ẹ wá fi ojú ibi tí wọ́n là kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù rinrin, omi ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ máa ń fúyẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ, èèpo rẹ̀ sì ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ gbá méjì mọ́ra: èyí tó gbẹ á dún ko, kò ní dún bù. Onígi tí kò bá gbà kí ẹ la ẹyọ kan, ẹ fi igi rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n nílé lè wọn ẹ̀là kan, kó gbé e sítòsí ààrò fọ́jọ́ mélòó kan, kó tún un wọ̀n. Bí kílò 1 bá di gíráàmù 750, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín, omi lẹ fi rà.

Ìbéèrè: Igi wo ni kí n béèrè?

Ìdáhùn: Àyìn, bí ẹ bá rí i. Ó wúwo, ẹyín iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Emi náà ń jó dáadáa, àmọ́ igi tó ń so òrí fún wa ni, èmi kì í rà á. Àràbà ò ní pẹ́ jó tán. Pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà, ẹ má dáná fi í rárá.

Ìbéèrè: Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ là á wẹ́wẹ́, kó má ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ tò ó sórí bùlọ́ọ̀kù kí ikán má bàa dé ibẹ̀, kí àlàfo wà láàárín wọn. Páànù ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀. Ẹ má fi tapólì wé e yíká, atẹ́gùn ló ń gbẹ igi ju oòrùn lọ. Lásìkò òjò yìí, oṣù mélòó kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ dáná igi lójò, ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kó ti rà á.

Ìbéèrè: England ni mo wà. Mo ra kúbíìkì mítà 3 fún sítóòfù ilé, ó tutù. Ṣé òfin ò ká wọn lọ́wọ́ kò ni?

Ìdáhùn: Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, igi tí kò bá tó kúbíìkì mítà 2, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àmì Ready to Burn (pé igi náà ti gbẹ tó fún ìdáná) sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ọjà tiyín ti kọjá ìwọ̀n yẹn. Wọ́n lè tà á ní tútù, bí wọ́n bá ṣáà ti ṣàlàyé fún yín bí ẹ ó ṣe gbẹ ẹ. Bí wọn ò bá ṣàlàyé, ẹ lẹ́jọ́ bá wọn rò. Bí wọ́n bá ti ṣàlàyé, ẹ wá ibi tò ó sí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi wà lọ́jà, ojú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni kí ẹ gún un sí, kì í ṣe orí igi. Bí ẹ bá sì ti fi igi tútù yìí dáná nínú sítóòfù yín, ẹ pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín kí ẹ tó tún dáná, torí ohun dúdú tí igi tútù ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lè gbiná.